Ilé Tí Bàbá Ìyàwó Mi Fi Ọwọ́ Ara Wọn Kọ́

Òórùn sìmẹ́ǹtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi pò ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá rántí bàbá ìyàwó mi. Kò sí ọṣẹ tó lè mú un kúrò lára wọn, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, ìbáà jẹ́ lábẹ́ agbádá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, tí mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo yá lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan àti bàtà tó há mọ́ mi lẹ́sẹ̀, orí àkàbà ni mo bá wọn, tí wọ́n ń rẹ́ ògiri ilé ara wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkìtì iyanrìn. Wọ́n bojú wolẹ̀, wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi. Iyanrìn yẹn ṣì máa wúlò fún mi." Ìyàwó mi, tí kò tíì di ìyàwó mi nígbà náà, fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko há ohun tí n óò sọ sórí, mo gbàgbé gbogbo rẹ̀.

Ọmọ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n. Iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé wọn dé Àbújá nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Bí a bá jọ wọ ọkọ̀ la àárín ìlú kọjá, ìka wọn kì í sinmi. "Ògiri ibẹ̀ yẹn, èmi ni mo tò ó. Òpó ilé yẹn, wo bó ṣe dúró ṣánṣán." Àwọn ilé ńláńlá tí ọlọ́dẹ kò ní jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wọn mọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ara wọn, ilé oníyàrá mẹ́rin ní àdúgbò kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Zuba. Ọwọ́ àwọn Gbàgyí tó ni ilẹ̀ ni wọ́n ti rà á. Ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí olórí abúlé tẹ ìka mọ́, ni ẹ̀rí wọn. Gbogbo àdúgbò náà ni ìwé wọn rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ka ìyẹn sí nǹkan. Ìyá ìyàwó mi ti kú kí ìpìlẹ̀ ilé náà tó jáde nílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Bàbá fi kọ́ ọ, ní ọjọ́ tí kò bá sí iṣẹ́ oníṣẹ́, búlọ́ọ̀kù kan lórí èkejì.

Ní ọdún 2011 tí a ṣègbéyàwó, akọ̀wé kékeré ni mo jẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan, iṣẹ́ mi kò sì tíì múlẹ̀. N kò ní yàrá tí mo lè mú ìyàwó wọ̀. Bàbá ní kí a máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Mo kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀gàn ni nílé wa kí ọkùnrin máa gbé ilé àna. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ìtìjú ló máa gba òjò dúró lórí yín?" Bí a ṣe kó lọ nìyẹn. Ọdún méjì ààbọ̀ la lò níbẹ̀, ibẹ̀ la sì bí ọmọbìnrin wa sí. Erùpẹ̀ pupa ló wà ní gbogbo ọ̀nà àdúgbò náà, bí òjò bá sì rọ̀, bàtà mi á dà bíi ti ẹni tó ti oko ẹ̀gẹ́ dé. Láàárọ̀ kan, mo jáde síta, mo bá Bàbá lórí àpótí, tí wọ́n ń fi àkísà nu bàtà mi. Mo pariwo. Ta ló gbọ́ ọ rí, pé kí bàbá ìyàwó máa nu bàtà ọkọ ọmọ? Wọn kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Fi mí sílẹ̀, àna ìjọba. Ẹsẹ̀ rẹ ni gbogbo wa fi ń wọ ọ́fíìsì ìjọba." Àna ìjọba, orúkọ tí wọ́n fi ń dá mi lárayá nìyẹn. Òmùgọ̀ ni mí. Mo gbà pé oyè ni.

Nígbà tí iṣẹ́ mi múlẹ̀, a kó lọ sí Gwarinpa, sí ilé tí omi ẹ̀rọ ti ń yọ nínú balùwẹ̀. Mo ra táì mẹ́ta. Mo ra awò tí ojú mi kò nílò. Bàbá a máa wá kí wa ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú ọsàn tàbí bàrà tí wọ́n yà rà ní ọjà Zuba, wọn a jókòó, ọmọ á gun ẹsẹ̀ wọn. Bí mo bá ti ọ́fíìsì dé tí mo ń ṣàlàyé bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́, wọn a fetí sílẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. N kò mọ ju bí a ṣe ń to fáìlì lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà ni mo ń sọ ọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà lára ohun tó ń gba ọ́fíìsì wa kọjá. Ní ọjọ́ kan, fáìlì kan balẹ̀ sórí tábìlì mi, kí n to àwọn ìwé inú rẹ̀, kí n sì pa á mọ́ títí ọ̀gá yóò fi bèèrè rẹ̀. Orúkọ àwọn àdúgbò tí wọ́n fẹ́ wó ló wà níbẹ̀. Ti Bàbá ni ìkẹta. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo tún fi ìka tẹ̀ lé e bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Kí n tó pa fáìlì náà dé, ọ̀gá mi ti pè mí wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní àṣírí ni, pé bí ọ̀rọ̀ náà bá jò, ọ̀dọ̀ mi ni yóò ti wá a, nítorí ọwọ́ èmi nìkan ló wà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá rán mi létí pé orúkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ga lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Èmi kò tilẹ̀ tíì jẹ dòdò náà. Òórùn rẹ̀ lásán ni mo gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, a lọ kí Bàbá lẹ́yìn ìsìn. A bá òkìtì iyanrìn tuntun níwájú ilé, ọmọ wa sì ti gun orí rẹ̀ kí n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bàbá fẹ́ fi yàrá méjì kún ilé náà, kí àwọn ọmọ wa lè ní ibi tí wọn yóò máa sùn sí ní àkókò ìsinmi. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àna ìjọba, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Níbi ìpàdé àdúgbò, àwọn kan ń sọ pé ìjọba ń bọ̀ wá wó ibí. Ìwọ tí o wà níbẹ̀, ṣé o gbọ́ nǹkan kan? Ṣé kí n máa kọ́ ọ lọ, àbí kí n ṣì dúró ná?"

N kò gbàgbé pé mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni pé òkúta kó sí bàtà mi.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Àhesọ lásán ni. Ẹ máa kọ́ ọ lọ."

"O ṣé é. Bí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó ti parí nìyẹn."

Mo ti rò ó títí ọjọ́ wọ̀nyí. N kò ní láti tú àṣírí kankan. Bí mo bá kàn sọ pé, "Ẹ dúró ná," kò sí ọ̀gá tó lè mú mi fún un. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé Bàbá á bi mí pé kí ló dé, ojú mi á sì sọ ìyókù. Mo sì fi ọkàn ara mi balẹ̀ pé fáìlì ìjọba a máa sùn fún ogún ọdún, pé ta ló mọ̀ bóyá èyí náà á sùn. Èyí tó burú jù ni pé Bàbá kò fi ọ̀rọ̀ mi mọ sí ọ̀dọ̀ ara wọn. Wọ́n lọ sọ ọ́ níbi ìpàdé pé àna àwọn tó wà ní ìjọba ní kò sí nǹkan kan. Àwọn aládùúgbò náà bá ń kọ́lé lọ. Opó kan tó ń dín àkàrà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ra páànù tuntun.

Fáìlì náà kò sùn. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ́ ògiri yàrá kejì nígbà tí àwọn kan fi ọ̀dà pupa sàmì sí gbogbo ilé tó wà níbẹ̀. Bàbá pè mí lórí fóònù. Mo fi ohùn ẹni tí ẹnu yà dáhùn, mo ní n óò wádìí. Mo lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ìwádìí ohun tí mo ti mọ̀ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí katapílà dé, èmi àti ìyàwó mi wà níbẹ̀. Bàbá ti tú páànù àti fèrèsé fúnra wọn, wọ́n to ilẹ̀kùn sábẹ́ igi dóńgóyárò bí ẹni tó fẹ́ kó lọ síbì kan. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ fi orí sọ àwọn yàrá tuntun, wọ́n sì wó wọ̀ọ̀, nítorí sìmẹ́ǹtì ara wọn kò tíì gbẹ. Nígbà tó kan ilé àtijọ́, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò wó. Ó fà sẹ́yìn, ó tún sọ ọ́. Bàbá pa ọwọ́ pọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Wò ó. Wo bó ṣe le." Ìgbà kẹrin ni ó wó.

Opó alákàrà náà ti rí mi. Ó wá dúró síwájú mi, ó ní, "Àna ìjọba, ṣebí ìwọ lo ní kò sí nǹkan kan?"

Bàbá ló dá a lóhùn. "Ẹ má bá a wí, ìyá. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò sọ fún un ni. Ọmọ kékeré ni níbẹ̀."

Bí wọ́n bá gbá mi létí níwájú gbogbo ayé, ìbá sàn fún mi ju ìgbèjà yẹn lọ.

Bàbá wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Gwarinpa. Wọ́n máa ń jí ní ìdájí, wọn a sì jókòó, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n tún ẹsẹ̀ ògiri ọgbà wa ṣe, wọ́n tún ti aládùúgbò ṣe, nígbà tó yá kò sí ògiri kankan tó kù tó ń bàjẹ́. Ikọ́ kan tí wọ́n ti ń hú láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jinlẹ̀. Dókítà ní eruku sìmẹ́ǹtì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ní gbogbo àkókò yìí, mo ṣe àna dáadáa. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, èmi ni mò ń ra oògùn, mo sì ń bọ́ bàtà wọn fún wọn. Ìyàwó mi sọ fún àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run ló fún òun ní ọkọ. Bí mo bá gbọ́ ọ, inú mi máa ń dùn díẹ̀. Ohun tí ojú ń tì mí fún jù nìyẹn.

Ìgbéga mi jáde. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, wá kí mi kú oríire ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan. Ó kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó jókòó, ìyàwó mi sì lọ dín ẹja ní ilé ìdáná. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ife kan tán nígbà tó kọjú sí Bàbá.

"Bàbá, ẹ kú oríire àna yìí o. Ọ̀gá wa kì í fi í ṣeré. Fáìlì àwọn ilé tí wọ́n wó lọ́nà Zuba lọ́hùn-ún, oṣù mẹ́rin ló fi wà nínú dúrọ́ọ̀ àna yín yìí, ẹnì kankan kò gbọ́ fìn-ín! Ọkùnrin tó ṣeé fọkàn tán ni."

Kò mọ̀ pé ilé Bàbá wà níbẹ̀. Ó gbà pé òun ń yìn mí ni. Bàbá rọra mi orí, wọ́n ní, "Ó ṣeun." Wọ́n jókòó títí àlejò fi jẹ ẹja tán. Nígbà tó lọ, wọ́n dìde, wọ́n ní kí n jẹ́ kí a dé ẹ̀yìnkùlé.

"Ṣé ilé mi wà nínú fáìlì yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Ọjọ́ tí mo bi ọ́ léèrè, ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i, sà."

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn kò ní kí n dìde. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ń fọ abọ́, tó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá hú ikọ́ títí, wọ́n fi ọwọ́ ti ògiri tí wọ́n tún ṣe fún wa. Nígbà tí èémí wọn padà, ohùn wọn kò lọ sókè rárá.

"Kí ọmọ mi má gbọ́ ọ. Bó bá gbọ́, kò ní lè gbé ilé rẹ mọ́. Bẹ́ẹ̀, èmi kò sì ní ilé tó lè padà sí."

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n kó lọ sí Bwari, sí ẹ̀gbẹ́ ilé bíríkìlà kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nígbà èwe. Wọ́n gba yàrá kan. Wọ́n sọ fún ìyàwó mi pé ariwo Gwarinpa ti pọ̀ jù fún àwọn, pé afẹ́fẹ́ orí òkè á wúlò fún ikọ́ àwọn. Oṣooṣù là ń lọ kí wọn. Wọn kò bínú sí mi rí, wọn kò yí ojú padà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe. Bí mo bá wọlé, wọn á dìde lórí ìjókòó wọn, wọn á ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ ó mu omi?" Wọn kò tún pè mí ní ọmọ mi mọ́, wọn kò sì fi "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Ìyàwó mi rò pé ipò mi tuntun ni bàbá òun ń bọ̀wọ̀ fún. Ó sọ fún mi pé, "Dádì, ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n má máa pè yín lẹ́ẹ̀yin mọ́. Ọmọ wọn lẹ jẹ́." Mo ní n óò sọ fún wọn.

Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n kú. Ọ̀rẹ́ wọn náà ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn, àwa wà lójú ọ̀nà nígbà tó pè pé kí a rọra máa wa ọkọ̀, pé kò sí ohun tí a ń sáré bá mọ́. A gbé wọn lọ sin ní ìlú wọn. Ẹbí ní kí n sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo àna. Mo sọ̀rọ̀. Mo sọ pé olóòótọ́ ni wọ́n, àwọn èèyàn sì bá mi sunkún. Àgbàlagbà kan nínú ẹbí gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún gbogbo ọmọbìnrin ilé náà ní irú ọkọ tí mo jẹ́.

Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú ni ìyàwó mi sọ ohun kan fún mi tí n kò mọ̀ rí. Ó ní lọ́jọ́ kejì tí ẹlẹgbẹ́ mi wá kí wa, Bàbá tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí ibi tí a ti ń fọ abọ́, òun sì jágbe mọ́ wọn. Ó ní òun sọ fún wọn pé ilé èèyàn ni wọ́n wà, kì í ṣe abúlé. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n kó ẹrù wọn.

"Èmi ni mo lé bàbá mi jáde, Dádì. Mo lé wọn lọ kú sínú yàrá kan."

Mo ní, "Kì í ṣe ìwọ."

"Ta ni, nígbà náà?"

Mo ní ọjọ́ wọn ló pé.

Ọdún bíi mélòó kan ti kọjá. Iṣẹ́ ìyàwó mi ti dára ju tèmi lọ báyìí. Bó bá fẹ́, ó lè gba ilé fúnra rẹ̀ níbikíbi ní Àbújá. Ìdí tí Bàbá fi ní kó má gbọ́ kò sí mọ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo ṣì ń sọ fún ara mi pé àṣẹ òkú ni mò ń pa mọ́. Ní gbogbo àyájọ́ ikú wọn, ìyàwó mi máa ń gbààwẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ bàbá òun ji òun. Èmi a kúnlẹ̀ tì í, mo sì máa ń ṣe àmín.